Ọ̀bẹ méjì, fọ́tò kan, kò sí oníbàárà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Peckham ní London ni mò ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kúùkù nílé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ń dà mí láàmú, mo sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀bẹ méjì tí mo fi ṣiṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ọ̀kan ti Jámánì, ọ̀kan ti Jàpáànù. Mo gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tà. Mo ya fọ́tò kan, mo sì kọ ọ́ pé: ọ̀bẹ ìdáná méjì, wọ́n mú bí abẹ, wọn ò yàtọ̀ sí tuntun. Látìgbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, pọ́n-ùn mẹ́wàá ló sì fẹ́ san lórí méjèèjì. Kí ló yẹ kí n kọ tí mi ò kọ? Ṣé kí n ṣì máa tà wọ́n pọ̀ ni, àbí kí n yà wọ́n sọ́tọ̀?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Kí ọrùn ọwọ́ náà tètè san.

Má bínú sí ẹni tó dá ọ ní pọ́n-ùn mẹ́wàá. Ohun tó rí ló dá owó lé: irin méjì nínú fọ́tò kan, àti ọ̀rọ̀ "mú bí abẹ" tí gbogbo ẹni tó ń ta ọ̀bẹ ń kọ, títí kan ẹni tí tirẹ̀ ò lè gé tòmátì. Ẹni tó mọ ọ̀bẹ, tó sì lè san owó gidi, ti rí ìkéde rẹ, ó ti kọjá lọ, torí kò sí ohun tó fi lè mọ èyí tó ò ń tà.

Bó o bá lọ ra ọ̀bẹ lọ́jà Bódìjà tàbí ní Mushin, kí lo máa ń ṣe kó o tó ná an? Wàá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ wò bóyá ó wúwo. Wàá fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ ní ìbú. Wàá gbé e sókè, wàá di ojú kan, wàá wò ó láti ìdí dé ṣóńṣó bóyá ó wọ́. Wàá mi èèkù rẹ̀ bóyá ó ń yẹ̀. Ẹni tó ń ra ọjà lórí fóònù kò lè ṣe ìkankan nínú wọn, ìkéde rẹ ló gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Nọ́ńbà ló ń ta ọ̀bẹ àlòkù, àbùkù tí ẹni tó ń tà á fẹnu ara rẹ̀ sọ náà sì ń tà á. Mo mọ̀ pé ti àbùkù yẹn lè yà ọ́ lẹ́nu. A máa dé ibẹ̀.

Jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Gbé ọ̀bẹ Jámánì rẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó o wo òǹtẹ̀ tó wà lára irin rẹ̀ nítòsí èèkù. Bó bá jẹ́ ọjà Henckels, ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ kan ní Jámánì, ka iye ènìyàn tó wà nínú àmì náà. Ìbejì ni àmì Zwilling, ọjà wọn tó gbówó lórí, láti ọdún 1731 ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Solingen. Bó bá jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo lo rí, Henckels International nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni ín, ṣùgbọ́n ọjà tó rọjú ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọn kì í sì í ṣe ní Jámánì. Àwọn tó ń ra ọ̀bẹ àlòkù mọ èyí dáadáa, fọ́tò òǹtẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ̀ lójú fóònù wọn kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Bí "Solingen" bá wà lára irin náà, fi í sínú àkọlé. Òfin Jámánì ti ń dáàbò bo orúkọ ìlú yẹn láti ọdún 1938, kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ ẹ.

Ti Jàpáànù, orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ gùn, tó ń tẹ díẹ̀díẹ̀ títí dé ṣóńṣó tó mú, gyuto ni. Èyí tó kúrú jù ú lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹrí ba níwájú, santoku ni. Èyí tó jẹ́ onígun mẹ́rin gbọọrọ, tó fẹ́lẹ́, tí kò ní ṣóńṣó, nakiri ni, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń wá gyuto, gyuto ló ń tẹ̀ sínú ibi ìwákiri. Bó o bá kọ "ọ̀bẹ Jàpáànù" lásán, kò ní rí ọ. Bí wọ́n bá kọ nǹkan sára rẹ̀ ní èdè wọn, ya ibẹ̀ ní fọ́tò tó mọ́ kedere, má sì méfò orúkọ alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ Sakai àti Seki, ìlú alágbẹ̀dẹ méjì ní Jàpáànù, ṣe àkójọ máa kà á fúnra wọn. Kọ ọ́ pé Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é bí ọ̀bẹ náà tàbí páálí rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ló ní ìrísí Jàpáànù tí kò dé ibẹ̀ rí.

Irú irin ló kàn. Àwọn ọ̀bẹ Solingen sábà máa ń gbé X50CrMoV15 sára. Irin tí kì í tètè dípẹtà ni, líle rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 56 sí 58 lórí òṣùwọ̀n Rockwell. Ti Jàpáànù, bó bá jẹ́ VG-10, máa ń tó nǹkan bíi 60 tàbí 61. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ọ̀bẹ Jàpáànù máa mú pẹ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣẹ́ bó bá pàdé egungun. Ojú ti Jámánì á kàn tẹ̀ ni, wàá sì mú un tọ́ padà. Ohun tó o bá kà lára ọ̀bẹ ni kó o kọ. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kọ ọ́ pé wọn ò kọ irú irin sí i lára, ó tán. Ẹni tó bá ń fi ẹnu dá nọ́ńbà irin sílẹ̀ máa ń bá ẹni tó mọ̀ jù ú lọ pàdé nínú oníbàárà.

Bí ara ti Jàpáànù yẹn bá ní ìlà tó ń yí bí ìgbì omi, má kọ "Damascus" kó o wá dákẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ òde òní, irin rírọ̀ onípele ni ìlà yẹn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin líle tó wà láàárín. Irin àárín ló ń gé nǹkan, òun ni oníbàárà ń sanwó lé. Àwọn olówó pọ́ọ́kú míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ya ìlà náà sójú irin lásán. Bó bá sì jẹ́ irin kábọ́ọ̀nù, irú èyí tó ń yí àwọ̀ padà bó bá kan àlùbọ́sà, fọ́tò rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ká mọ èwo ni àwọ̀ iṣẹ́, èwo ni ìpẹtà. Àwọ̀ iṣẹ́ máa ń rí bí eérú, ó lè pọ́n sí búlúù díẹ̀, ó ń dáàbò bo irin náà. Ìpẹtà pupa rúsúrúsú, bó o bá fọwọ́ pa á, ó ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Má gbé kànìnkànìn onírin ti àwọ̀ iṣẹ́ torí kí ọ̀bẹ lè dán. Ẹni tó mọ ọ̀bẹ kábọ́ọ̀nù fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá sì rí ara tí wọ́n há, á máa ṣe kàyéfì ohun tí wọ́n há kúrò níbẹ̀.

Ó yá, gbé rúlà jáde. Wọn gígùn ojú ọ̀bẹ láti ìdí rẹ̀ níbi èèkù títí dé ṣóńṣó, kó o kọ ọ́ ní mìlímítà. Ojú nìkan ni mo wí o. Àwọn kan máa ń wọ̀n ọ́n mọ́ èèkù, wọ́n á kọ ínṣì 13, oníbàárà á rò pé idà ló ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn gíga rẹ̀ níbi ìdí, láti ẹ̀yìn dé ojú. Nọ́ńbà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ ìtàn ọ̀bẹ. Gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n ọ̀bẹ ni gíga rẹ̀ ń dín, torí náà ẹni tó mọ bí irú ọ̀bẹ yẹn ṣe máa ń ga tó nígbà tó wà lákọ̀tun á fojú inú wo iye irin tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Gbé e sórí òṣùwọ̀n tó o fi ń wọn ìyẹ̀fun, kọ iye gíráàmù rẹ̀. Kọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nípọn tó lókè ìdí, bó o bá ní ohun tó o lè fi wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pọ́n, bíi ti yanagiba tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹja tútù, sọ bóyá ti ọwọ́ ọ̀tún ni tàbí ti òsì. Àwọn èèkù onígi ti Jàpáànù míì náà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì tó bá rà á láìmọ̀ á dá a padà fún ọ ni.

Wàyí o, ohun tó o fi ọ̀bẹ náà ṣe. Kúùkù ni ọ́, oníbàárà á rò pé ọ̀bẹ náà ti jìyà. Sọ òótọ́ fún un kó tó béèrè. Ilé oúnjẹ ni o, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀fọ́ àti ẹran tí kò ní egungun lo fi ń gé, àbí wọ́n ń bá ọ mú un gé bọ̀kọ́tọ̀ nígbà tó o bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ṣé ó ti kan adìẹ tó ṣì dì gbagidi, tàbí ẹja títọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde? Orí pákó lo ti ń gé nǹkan ni, orí rọ́bà, àbí orí gíláàsì? Ṣé ẹ̀rọ ìfọbọ́ ti fọ̀ ọ́ rí? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì fún èèkù onígi, torí ooru àti ọṣẹ inú ẹ̀rọ yẹn máa ń mú igi là. Gbólóhùn méjì péré ti tó láti sọ gbogbo èyí. Láàárín àwa Yorùbá, máa fi gbólóhùn kẹta kún un fún ti Jàpáànù: "Kì í ṣe ti egungun o." Mo ti pọ́n ọ̀pọ̀ gyuto tí eyín ti kún ojú wọn torí pé ẹnì kan fẹ́ fi gé ẹran ewúrẹ́ Ọdún Iléyá.

Ìpọ́n wá ni ẹjọ́ tó pọ̀ jù. "Ó mú" kò sọ ẹni tó pọ́n ọn, kò sì sọ ohun tó fi pọ́n ọn. Irin gbọọrọ tí àwọn alápatà máa ń fa ọ̀bẹ gba ara rẹ̀ kì í jẹ irin púpọ̀, ojú tó ti tẹ̀ ló ń mú tọ́. Òkúta ìpọ́n olómi máa ń jẹ díẹ̀, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sì máa ń mú ojú náà dọ́gba. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ kọjá máa ń ha irin kúrò gan-an, ó sì ń fi ojú tó rí ṣákaṣàka sílẹ̀. Ẹ̀rọ iná tó ń yí fíìrì lè mú kí irin gbóná jù, kí líle ojú rẹ̀ sì dín kù. Nítorí náà, kọ èyí tó o lò: "Òkúta 1000 lẹ́yìn náà 3000 ni mo fi ń pọ́n ọn," tàbí "ẹ̀rọ onífífà ni mo lò." Nọ́ńbà òkúta ń sọ bó ṣe kúnná tó, bó bá ṣe ga tó ló ṣe kúnná tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ onífífà, má fi pamọ́. Òkúta lè tún ojú yẹn ṣe, ẹni tó ní òkúta nílé á sì rà á ní iye tó bá a mu.

Bó o bá fẹ́ kí wọ́n gbà pé ó mú, ya fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá: fi ọwọ́ kan di bébà lẹ́tà mú, kí ọ̀bẹ gé e láti ìdí ojú rẹ̀ dé ṣóńṣó láìdúró. Bó bá há níbì kan, gbogbo ayé á rí i, ìwọ náà á sì mọ ibi tí ìṣòro wà. Ṣùgbọ́n má tìtorí ọjà pọ́n ọ̀bẹ bí ìpọ́n kò bá mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀bẹ tó kújú tí ìrísí rẹ̀ ṣì pé níye lórí ju èyí tó mú tí ẹnì kan ti pọ́n ní wọ́gọwọ̀gọ.

Àbùkù dé. Fi ojú ọ̀bẹ Jámánì rẹ lé orí pákó tó tẹ́jú dáadáa, kí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ kó o wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Jámánì ní irin tó nípọn láàárín ojú àti èèkù, tó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Òkúta kì í tètè jẹ irin nínípọn yẹn, ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, irin nínípọn náà á kọ́kọ́ kan pákó, ojú tó tẹ̀ lé e á wà lókè, wàá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Bó o bá gé àlùbọ́sà ewé, kò ní já tán, á so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìwọ tó o ti ń lò ó lójoojúmọ́ lè má fura, torí ọwọ́ rẹ ti mọ bó ṣe máa gbà á. Oníbàárà máa rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá fi gé ẹ̀fọ́. Ya fọ́tò ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an, kó o kọ ọ́ pé ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lè ha irin nínípọn náà wálẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni, iṣẹ́ tí a máa ń ṣe ni.

Gbé ọ̀bẹ méjèèjì sókè, wo ẹ̀yìn wọn láti èèkù lọ, bóyá wọ́n tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Wo ṣóńṣó, torí òun ló máa ń ṣẹ́ bí ọ̀bẹ bá já bọ́. Ra òwú ìnujú díẹ̀díẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Ibi tí òwú bá ti há, ó ti ṣẹ́ níbẹ̀, bí ojú rẹ ò tiẹ̀ rí i. Wo àwọn ìṣó tó di èèkù mú, kó o wo bóyá àlàfo wà láàárín igi àti irin níbi tí omi lè wọ̀. Ibi tó bá ti ṣẹ́, fi owó ẹyọ pẹ́nì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó o tó ya á. Ìbú pẹ́nì kan jẹ́ mìlímítà 20.3, ẹni tó wà ní Glasgow lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí ìṣẹ́ náà ṣe tó láìní béèrè.

Ìdí tí mo fi sọ pé àbùkù ń ta ọjà nìyí. Gbogbo ẹni tó ń ra ọ̀bẹ àlòkù ló mọ̀ pé nǹkan kan wà lára rẹ̀. Bí ìwọ kò bá sọ ọ́, á fọkàn ro èyí tó burú jù, á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Bó o bá fi mìlímítà kan tó ṣẹ́ hàn án, owó mìlímítà kan ló máa yọ.

Fọ́tò mẹ́jọ péré ti tó. Má tan iná fóònù, irin á kọ mọ̀nà lójú ẹni, kò sí ohun tí wọ́n máa rí. Tẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án. Ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ya ẹ̀gbẹ́ òsì, ya òǹtẹ̀, ya ẹ̀yìn láti òkè, ya ṣóńṣó, ya èèkù, ya àbùkù. Ìkẹjọ ni èyí tí kì í wá sọ́kàn ẹni tí kò mọ ọ̀bẹ: fi ìdí ojú kọ kámẹ́rà tààrà, kí ẹni tó ń wò ó rí bí irin náà ṣe fẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ojú. Fọ́tò kan yẹn ló ń sọ bóyá ọ̀bẹ á wọ inú kárọ́ọ̀tì wẹ́rẹ́ tàbí á là á bí igi ìdáná. Kí ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ o. Má fọwọ́ mú un kó o na ṣóńṣó rẹ̀ sí kámẹ́rà. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojúlé ìtajà lè pè é ní ohun ìjà, wọ́n á sì yọ ọ́. Ka ohun tí ojúlé náà sọ nípa ọ̀bẹ kó o tó gbé nǹkan síbẹ̀, torí òfin wọn kò rí bákan náà.

Bí mo bá wà nípò rẹ, báyìí ni màá kọ ti Jámánì. Àpẹẹrẹ ni nọ́ńbà inú rẹ̀, tìrẹ ni kó o wọ̀n:

"Zwilling (àmì ìbejì), ọ̀bẹ kúùkù 20 cm, Solingen, àlòkù. Ojú 198 mm, gíga nídìí 42 mm, 255 g. Kúùkù ni mí, ilé oúnjẹ ni mo ti lò ó, ẹ̀fọ́ àti ẹran tí kò ní egungun ni mo fi ń gé, orí rọ́bà. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Òkúta 1000 ni mo fi ń pọ́n ọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ṣóńṣó rẹ̀ pé. Èèkù dúdú, ìṣó mẹ́ta, kò mì. Àbùkù: ìmọ́lẹ̀ ń yọ díẹ̀ lábẹ́ ìdí ojú rẹ̀ (fọ́tò 7), ara rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ tí ìpọ́n fà. Kò sí páálí, màá fi páálí líle bo ojú rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ti pé ọdún 18 nìkan."

Ka èyí, kó o tún ka èyí tó o kọ tẹ́lẹ̀. Kò sí "mú bí abẹ" nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á tán ti mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ.

Ní ti iye owó, má wo iye tí àwọn míì ń pè. Ẹnikẹ́ni lè pe pọ́n-ùn ọgọ́rùn-ún, kó máa pè é títí ọdún á fi yí po. Wá ibi tí ojúlé náà ti ń fi àwọn tí wọ́n ti tà hàn, kó o wo iye tí irú tìrẹ gan-an tà, ní ìwọ̀n kan náà àti ipò kan náà. Fi díẹ̀ lé e fún ẹni tó máa ná an, torí wọ́n á ná an.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn, ṣùgbọ́n má fò ó. Ní England, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta ọ̀bẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀bẹ ìdáná wà nínú rẹ̀. Òfin Offensive Weapons Act ti ọdún 2019 sì tún mú ọ̀rọ̀ títa ọ̀bẹ láìfojúkojú àti gbígbé e lọ sílé oníbàárà le sí i. Nítorí náà, lo ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí wọ́n ti máa ń yẹ ọjọ́ orí wò lẹ́nu ọ̀nà, kó o sì ka ìlànà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó o fẹ́ fi ránṣẹ́. Èkejì: bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ pàdé níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, má gbà. Láti ọdún 1988 ni Criminal Justice Act ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mú ọ̀bẹ dání lójú pópó láìní ìdí tó yè kooro. Ọ̀bẹ àpò kékeré tó ń ká, tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́ta lọ, ni wọ́n yọ sílẹ̀. O lè ní ìdí tó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọlọ́pàá, pẹ̀lú ọ̀bẹ kúùkù nínú báàgì. Fi í ránṣẹ́ ní dídì.

Ẹlòmíì tó ń ka èyí lè ní ọ̀bẹ àtijọ́ láti Sheffield, ìlú ọlọ́bẹ ní England, tí èèkù rẹ̀ funfun, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára. Kó má tíì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Bó bá jẹ́ eyín erin ni, Ivory Act ti ọdún 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ti fòfin de títà rẹ̀ ní ilẹ̀ Britain àyàfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ irú èèkù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eyín erin, nǹkan àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe kó jọ ọ́ ni, àmọ́ kó fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n ná.

Ẹni tó bá ń ta tirẹ̀ ní Èkó lórí Jiji tàbí lórí WhatsApp, nọ́ńbà kan náà ni kó kọ, kó sì sọ kedere bóyá tòkunbọ̀ ni tàbí ilé la ti lò ó. Ìbéèrè egungun ló máa kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀.

Bó o bá fẹ́ di í, nu ún gbẹ, fi òróró díẹ̀ pa ti Jàpáànù bó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ká páálí líle sí méjì, fi ojú ọ̀bẹ sáàárín rẹ̀, kí páálí gùn kọjá ṣóńṣó, kó o ki ìdérí ìgò onígi bọ ṣóńṣó náà. Orí páálí ni kí téèpù wà. Bó bá kan èèkù onígi, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í lọ. Má fi ìwé ìròyìn wé irin kábọ́ọ̀nù, ó máa ń fa ọ̀rinrin. Lẹ́yìn náà, fi gbogbo rẹ̀ sínú àpótí páálí tó le, kí nǹkan dí àyè tó kù, kó má lè rìn nínú rẹ̀ bí wọ́n bá jù ú sọ́tùn-ún sósì. Kọ ọ́ sínú ìkéde pé báyìí lo ṣe máa dì í. Àwọn kan wà tí ọ̀bẹ ti gún àpò ìwé jáde dé ọ̀dọ̀ wọn rí, gbólóhùn yẹn nìkan lè mú kí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ.

Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn: yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ ọ̀bẹ Jámánì ń wá ohun tó máa fara da ìdílé, tí ọmọ lè fọ̀ kó sì jù sínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó fẹ́ gyuto ti ní òkúta ìpọ́n nílé, kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Bó o bá so wọ́n pọ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan á máa wo èyí tí kò nílò bí ẹrù, á sì yọ owó rẹ̀. Gbé ti Jámánì síta kọ́kọ́, torí àwọn tó ń wá a pọ̀ jù, kó o lo owó rẹ̀ ra téèpù àti páálí. Ti Jàpáànù, fi òwú ìnujú yẹn ra ojú rẹ̀ lálẹ́ òní, kó o fi fọ́tò òǹtẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó o tó pe iye kankan.